Pijó 504 bàbá mi ń gbóná ní òkè Ẹ̀fọ̀n, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ_Ẹ̀fọ̀n (Ọjọ́ Àìkú, 8:40 alẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Pijó 504 GR tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Kàdúná ni wọ́n ti tò ó, 1982 ló wà nínú ìwé rẹ̀, gíà rẹ̀ wà lára sítíárìn, ẹ́ńjìnnì 1971 cc tó bá a wá náà ló ṣì wà nínú rẹ̀. Bàbá mi ò fi ọkọ̀ yìí ṣeré rárá. Ìwé kékeré kan ṣì wà nínú píjìn-hóòlù tó fi báírò búlúù kọ gbogbo ìgbà tó pààrọ̀ ọ́ọ̀lì sí. Gbogbo 5,000 kìlómítà ló ń pààrọ̀ rẹ̀, kò sì fo ẹyọ kan títí di oṣù tó ṣáájú ikú rẹ̀.

Ìbàdàn ni mò ń gbé. Bí mo bá gba títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀, tí ọ̀nà sì já geere, abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó kì í yẹsẹ̀. Àmọ́ bí sún-kẹẹrẹ bá mú mi ní Ìwó Road fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti ń gòkè nìyẹn. Bí mo bá wá kọjá Ìwàràjà, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ó di kí n dúró lójú ọ̀nà kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dúró. Láti ìgbà náà, omi rédíétọ̀ ń dín kù láìjẹ́ pé mo rí ibi tó ń jò sí nílẹ̀, èéfín funfun sì ń tẹ̀lé mi láàárọ̀.

Mẹkáníìkì tó wà ládùúgbò mi ní kí n jẹ́ kí òun yọ tàmọ́sítáàtì sọnù, kí òun sì tú tọ́ọ̀pù sílíńdà (irin tó bo orí ẹ́ńjìnnì) lọ fá. Kí n gbà fún un? Mi ò fẹ́ ba nǹkan tí bàbá mi tọ́jú jẹ́.

Èkó_504 (Ọjọ́ Àìkú, 9:05 alẹ́)

Bọ̀dá, ẹ yọ tàmọ́sítáàtì yẹn. Ooru ilẹ̀ wa kì í ṣe ti Faransé. Èmi ti yọ tèmi láti ọdún mẹ́rin, abẹ́rẹ́ mi kì í kọjá àárín.

Bàbá_Pijó (Ọjọ́ Àìkú, 10:31 alẹ́)

Ọmọ_Ẹ̀fọ̀n, mo kí ọ, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tú Pijó, láti orí 404 dé 505. Má gbà fún un o, ó kéré tán kì í ṣe báyìí.

Kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ tàmọ́sítáàtì. Ohun kékeré yẹn kọ́ ló ń mú nǹkan gbóná, àyàfi tó bá ti kú síbi tó ti pa dé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó dí ọ̀nà omi títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná dé bíi 82 lórí ìwọ̀n Celsius, kó tó ṣí i. Bó o bá yọ ọ́, tó o wá ń sáré lórí títì gbọọrọ, tútù ni ẹ́ńjìnnì yóò máa ṣiṣẹ́. Kàbùrétọ̀ á máa bu epo lé e, epo bẹntiróòlù á máa fọ ọ́ọ̀lì kúrò lára sílíìfù (páìpù irin tí píńsítìn ń rìn nínú rẹ̀), sílíìfù á sì jẹ láìtọ́jọ́. Ó di ọdún bíi mélòó kan kó tó hàn, ìdí nìyẹn tí ẹni tó yọ ọ́ fi máa ń rò pé òun jèrè.

Bó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá tìẹ ṣì dára, tú u, fi òwú so ó, kó o fi í kọ́ inú ìkòkò omi lórí iná, má jẹ́ kó kan ìdí ìkòkò. Dúró tì í. Bí omi ṣe ń mì tó fẹ́ hó, wàá rí ojú rẹ̀ tó ń là díẹ̀díẹ̀. Bí omi bá hó kutukutu tí kò là, òun lọ̀daràn, ra òmíràn. Bó bá là, dá a padà sáyè rẹ̀.

Ní ti èéfín funfun àti omi tó ń pòórá, ìyẹn ló dùn mí jù nínú ohun tó o kọ. Ó jọ pé tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Tọ́ọ̀pù ọkọ̀ yìí, alumíníọ̀mù ni, irin ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Bí ooru bá pọ̀ jù, àwọn méjèèjì kì í fẹ̀ bákan náà, gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín wọn ló ń jìyà. Ohun mẹ́ta ni kó o ṣe láàárọ̀ ọ̀la kó tó di pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan sípánà. Ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, sítáàtì rẹ̀, kó o wo omi bóyá ó ń yọ ìfófòó láìdáwọ́ dúró. Fa ọ̀pá ọ́ọ̀lì jáde, wò ó bóyá ọ́ọ̀lì ti dà bí ògì. Tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tò wọ́n sórí páálí bí wọ́n ṣe wà, kó o fi ojú wé wọn. Kó o tún padà wá sọ fún wa.

Rewáyà_Òṣogbo (Ọjọ́ Ajé, 6:18 àárọ̀)

Bàbá, mo júbà o. Mi ò bá yín jà lórí gásíkẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ẹ jẹ́ ká tún ohun tí ẹ̀gbọ́n kọ kà. Ọ̀nà geere, kò gbóná. Sún-kẹẹrẹ àti òkè tí wọ́n ń rọra gùn, ó gbóná. Níbi tí ọkọ̀ ti ń sáré, afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ rédíétọ̀. Níbi tí kò ti sáré, fáànù ló yẹ kó fẹ́ ẹ. Fáànù ni ẹ kọ́kọ́ wò!

Fáànù Pijó 504 àtijọ́ yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn. Bẹ́lítì ló ń yí i, ṣùgbọ́n mágíńẹ́ẹ̀tì ló ń dì í mọ́ púlì. Bí omi bá tutù, fáànù á kàn máa yí lọ́fẹ̀ẹ́ láìlágbára. Bí omi bá gbóná, súwíìṣì kan lára rédíétọ̀ á gbé iná lọ sí búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó ń kan ìdí fáànù, mágíńẹ́ẹ̀tì á gbá a mú, fáànù á wá fẹ́ tagbára tagbára. Bí búrọ́ọ̀ṣì yẹn bá ti jẹ tán, tàbí súwíìṣì kú, ẹ ó máa rí fáànù tó ń yí, ẹ ó sì gbà pé ó ń ṣiṣẹ́. Irọ́ ni ó ń pa fún yín.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀: ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi ọwọ́ yí fáànù, yóò yí lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá fi wáyà kan mú iná láti orí pósítíìfù bátìrì kan wáyà tó lọ sí búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ "kọ́", ẹ tún yí fáànù, yóò le. Bí ẹ ò bá gbọ́ "kọ́", búrọ́ọ̀ṣì tàbí mágíńẹ́ẹ̀tì ni. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, tí kì í sì dún fúnra rẹ̀ nígbà tí omi bá gbóná, súwíìṣì ni.

Bí ó bá ká yín mọ́ ojú ọ̀nà, bóòtù kéékèèké mẹ́ta wà níwájú fáànù tí wọ́n fi ń ṣe àlàfo mágíńẹ́ẹ̀tì. Ẹ tú nọ́ọ̀tì tó dè wọ́n, ẹ mú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé ní ìwọ̀n kan náà títí fáànù á fi lẹ̀ mọ́ púlì. Yóò máa fẹ́ nígbà gbogbo títí ẹ ó fi délé.

Bàbá_Pijó (Ọjọ́ Ajé, 7:02 àárọ̀)

Rewáyà, o ṣeun. O rí ohun tí ojú mi fò. Èéfín funfun ló gbà mí lọ́kàn. Ọmọ_Ẹ̀fọ̀n, ṣe ti fáànù náà.

Èkó_504 (Ọjọ́ Ajé, 7:40 àárọ̀)

Bàbá, ẹ má bínú sí mi, àmọ́ ọdún mẹ́rin kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rin. Bí ó bá ń ba nǹkan jẹ́, ṣé kò yẹ kí n ti rí i?

Bàbá_Pijó (Ọjọ́ Ajé, 7:55 àárọ̀)

Mi ò bínú, ọmọ mi. Dá mi lóhùn méjì péré: lítà mélòó lo ń rà láti Èkó dé Ìbàdàn, báwo sì ni ọ̀pá ọ́ọ̀lì rẹ ṣe ń rùn bó o bá fa á jáde?

Èkó_504 (Ọjọ́ Ajé, 8:20 àárọ̀)

Ó ń rùn bíi bẹntiróòlù. Mo rò pé bí ti Pijó ṣe rí nìyẹn. Màá ra tàmọ́sítáàtì lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ṣé, bàbá.

Aláyọ̀_Ìjẹ̀bú (Ọjọ́ Ajé, 9:11 àárọ̀)

Ẹ fọ́ ẹyin tútù méjì sínú rédíétọ̀, ẹ jẹ́ kó hó, á dí gbogbo ibi tó ń jò. Bó bá tún yọ yín lẹ́nu, ẹ yọ ẹ́ńjìnnì yẹn sọnù, ẹ fi ti Toyota sí i. Ọ̀pọ̀ ti ṣe é.

Ìyá_Pátì_Gate (Ọjọ́ Ajé, 10:26 àárọ̀)

Ẹ jọ̀ọ́, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọ́ ẹyin sínú rédíétọ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Mo ń ta pátì ọkọ̀ ní Àràròmí, ní Gate n'Ìbàdàn níbí, mo sì máa ń rí àwọn rédíétọ̀ tí wọ́n gbé wá lẹ́yìn ẹyin. Ẹyin ò mọ ibi tó ń jò yàtọ̀ sí ibi tí kò jò. Àwọn páìpù tín-ín-rín inú rédíétọ̀ ló kọ́kọ́ máa ń dí. Ó lè gbé èèyàn délé lálẹ́ ọjọ́ kan nínú igbó, mi ò jiyàn ìyẹn, àmọ́ ẹni tó bá ti ṣe é gbọ́dọ̀ tú rédíétọ̀ lọ fọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ti ẹ́ńjìnnì Toyota, ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣe é, owó rẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n yìí sọ fún wa pé bàbá òun tọ́jú tiẹ̀ dáadáa, pátì rẹ̀ ò sì tíì tán lọ́jà. Kí ló fẹ́ yọ ọ́ fún?

Ọmọ_Ẹ̀fọ̀n (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 alẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀.

Tàmọ́sítáàtì: mo fi í sínú ìkòkò bí bàbá ṣe wí, ìyàwó mi dúró tì mí. Ó là. Ohun tó rẹwà ni láti wò. Mo ti dá a padà.

Fáànù: mo fi wáyà kàn án, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo tú búrọ́ọ̀ṣì, kò ju èékánná ọmọdé lọ mọ́, kò tilẹ̀ kan ìdí fáànù rárá.

Omi rédíétọ̀ ń yọ ìfófòó lẹ́sẹẹsẹ láti ìgbà tí mo ti sítáàtì rẹ̀. Ọ́ọ̀lì ò dà bí ògì, ó ṣì dúdú bó ṣe yẹ. Plọ́ọ̀gì mẹ́ta dúdú rẹ́súrẹ́sú, àmọ́ ti sílíńdà kìíní mọ́ fééfé bíi pé wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Bàbá_Pijó (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:14 alẹ́)

Kìíní láti ibo? Láti ọ̀dọ̀ rédíétọ̀ tàbí láti ọ̀dọ̀ gíábọ́ọ̀sì? Nínú ìwé Pijó, ti ọ̀dọ̀ fúláìwíìlì, ní ẹ̀gbẹ́ gíábọ́ọ̀sì, ni wọ́n ń pè ní kìíní, kì í ṣe ti iwájú.

Ọmọ_Ẹ̀fọ̀n (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:20 alẹ́)

Há! Ti iwájú ni mo ń pè ní kìíní. Èyí tó mọ́ wà níwájú, ní ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀.

Bàbá_Pijó (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:41 alẹ́)

Ìkẹrin nìyẹn nínú ìwé. Fi sọ́kàn, torí ẹni tó bá ń fi fóònù júwe iṣẹ́ fún ọ lè ṣì ọ́ lọ́nà.

Omi ń wọ inú sílíńdà yẹn, ó ń di èéfín omi gbígbóná, èéfín omi náà sì ń fọ plọ́ọ̀gì. Gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó níbẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì kú, o sì ń gun òkè pẹ̀lú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì gbóná jù, gásíkẹ́ẹ̀tì lọ. Bó o bá pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì tó o fi fáànù sílẹ̀, kò ní ju ìrìn àjò Ẹ̀fọ̀n kan lọ tí wàá tún tú u.

Tọ́ọ̀pù gbọ́dọ̀ wálẹ̀ báyìí. Àmọ́ mo bẹ̀ ọ́, kí ẹni tó máa tú u kọ́kọ́ ka ohun tí àwọn tó kù máa kọ nípa sílíìfù.

Àjàṣẹ́_wágọ̀n (Ọjọ́rú, 5:33 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Pijó 504 wágọ̀n ni mo fi ń kó èrò láti Kútọnu lọ sí Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, nígbà mìíràn mò ń dé Parakú. Ọ̀rọ̀ tí bàbá sọ nípa sílíìfù yẹn, èmi ni kí ẹ bi.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì mi lọ, joint de culasse ni àwa ń pè é níhìn-ín. Ọmọ iṣẹ́ kan tú tọ́ọ̀pù. Ó ti lẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wá fi irin gbé e sókè gbọnrangandan. Tọ́ọ̀pù gbé sílíìfù méjì dání díẹ̀, kò ju ìlà èékánná lọ, wọ́n sì tún jókòó padà, kò sẹ́ni tó kà á sí. Ó wá tún yí kránkì láti mú píńsítìn sókè kó lè nu orí rẹ̀. Ó fá tọ́ọ̀pù, ó fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, ọkọ̀ dún, inú mi dùn. Ọjọ́ kejì, nígbà tí mo fa ọ̀pá ọ́ọ̀lì jáde níwájú ibùdókọ̀ Kétu, ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn rí bí ẹ̀kọ tútù. Omi ti gba abẹ́ sílíìfù wọ inú ọ́ọ̀lì.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Sílíìfù ẹ́ńjìnnì yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn pa mọ́ inú búlọ́ọ̀kù. Omi ló yí i ká, ó kàn jókòó lórí rọ́bà tàbí páálí tín-ín-rín ní ìdí rẹ̀ ni. Tọ́ọ̀pù ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí tọ́ọ̀pù bá kúrò, kò sí ohun tó dì í mú mọ́. Bó bá mì díẹ̀, ìdọ̀tí á bọ́ sábẹ́ rẹ̀, kò sì ní lè dí omi mọ́ láé àfi kí ẹ yọ gbogbo rẹ̀.

Nítorí náà: ẹ má gbé tọ́ọ̀pù sókè ní tààrà. Bí gbogbo bóòtù bá ti jáde tán, ẹ ki irin gígùn méjì sínú ihò bóòtù, ẹ fi mì tọ́ọ̀pù sí ẹ̀gbẹ́ títí á fi já kúrò lára gásíkẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà kí ẹ tó gbé e. Lójú ẹsẹ̀, ẹ fi wáṣà ńlá àti bóòtù de orí sílíìfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀. Ẹ má yí kránkì kó tó di pé ẹ dè wọ́n. Ó ná mi ní oṣù kan láìsí iṣẹ́ kí n tó mọ èyí.

Aláyọ̀_Ìjẹ̀bú (Ọjọ́rú, 8:02 àárọ̀)

Mo ti gbọ́ ti ẹyin, mi ò ní sọ ọ́ mọ́. Ìbéèrè mi rèé: bí kò bá sí wáṣà ńlá, ṣé wọn ò lè fi igi de sílíìfù?

Àjàṣẹ́_wágọ̀n (Ọjọ́rú, 8:19 àárọ̀)

Rárá o, igi á mì. Àjákù páìpù irin kúkurú tí ẹ gé gígùn wọn bára mu, pẹ̀lú wáṣà lórí wọn, ìyẹn dára. Kó ṣáà máa tẹ etí sílíìfù, kó má kan ojú ibi tí píńsítìn ń gbà.

Tọ́nà_Abẹ́òkúta (Ọjọ́rú, 1:47 ọ̀sán)

Iṣẹ́ fífá tọ́ọ̀pù ni mò ń jẹ, torí náà owó tèmi ni mo fẹ́ dín kù báyìí. Kì í ṣe gbogbo tọ́ọ̀pù tó bá wálẹ̀ ló yẹ kí ẹ fá. Ẹ nu ojú rẹ̀ dáadáa, ẹ má fi wáyà búrọ́ọ̀ṣì irin ha á, alumíníọ̀mù rọ̀. Ẹ gbé rúlà irin tó tọ́ gan-an lé e ní gígùn, ní ìbú, àti láti igun dé igun, ẹ fi fílà géèjì (àwọn abẹ irin tín-ín-rín tí wọ́n fi ń wọn àlàfo) wá ibi tí àlàfo wà lábẹ́ rẹ̀. Bí abẹ fílà géèjì tó tín-ín-rín jù, 0.05 mìlímítà, kò bá wọ ibì kankan, ẹ dá a padà bẹ́ẹ̀. Bó bá wọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fá ìwọ̀n tó máa tó o nìkan. Tọ́ọ̀pù tí wọ́n bá ti fá jù, àyè ibi tí iná ti ń jó á kéré, ẹ́ńjìnnì á máa nọ́ọ̀kì (dún kan-kan bí irin) bí ẹ bá ń gun òkè, á sì tún máa gbóná.

Ẹ jẹ́ kí tọ́nà wo ó bóyá ó ti là láàárín fáàfù méjì. Ibẹ̀ ló máa ń là sí bó bá gbóná jù.

Ìyá_Pátì_Gate (Ọjọ́rú, 4:15 ìrọ̀lẹ́)

Ọmọ_Ẹ̀fọ̀n, kí o tó ra gásíkẹ́ẹ̀tì, mú èyí tó jó wá sọ́jà. 504 méjì ló wà: ti 1796 cc, ihò sílíńdà rẹ̀ jẹ́ 84 mìlímítà, àti ti 1971 cc tìẹ, 88 mìlímítà ni tiẹ̀. Lójú, wọ́n jọra bí ìbejì. Ẹni tó bá gbé ti 84 sórí 88, etí gásíkẹ́ẹ̀tì á yọ sínú ibi iná, á jó láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á sì ní pátì ayédèrú ni ìyá tà fáwọn. Gbé rúlà lé e níwájú ẹni tó ń tà á, má tijú. Ti 505 GR bá tìẹ mu, ẹ́ńjìnnì kan náà ni. Ti 505 onínjẹ́ṣọ̀n, 1995 cc tàbí 2165 cc, kò bá a mu rárá, bẹ́lítì ló ń yí káàmù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) àwọn yẹn nígbà tó jẹ́ ṣéènì ló ń yí tìẹ.

Ra ìdérí rédíétọ̀ tuntun pẹ̀lú. Tẹ síprìǹgì inú rẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò, bó bá rọ̀ bíi fóòmù, dá a padà fún wọn. Búrọ́ọ̀ṣì fáànù ò wọ́n lọ́jà, kò sì tóbi rárá, ra méjì kó o fi ọ̀kan sínú píjìn-hóòlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé bàbá.

Ìlú_Ọba_505 (Ọjọ́bọ̀, 12:09 òru)

Mo ń gbé ní London, 505 ni mo ní. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un. Ọ̀pọ̀ èèyàn nílé gbà pé àwa tó wà nínú òtútù nìkan ló nílò kúláǹtì (oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ omi rédíétọ̀), torí kí omi má bàa dì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú kúláǹtì tó ń dáàbò bo irin ló ṣe pàtàkì jù fún ọkọ̀ yìí, torí alumíníọ̀mù àti irin pọ̀ mọ́ra nínú omi kan náà. Omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ lásán á máa jẹ alumíníọ̀mù, ìpẹtà irin á sì máa lẹ̀ mọ́ inú rédíétọ̀.

Bàbá_Pijó (Ọjọ́bọ̀, 6:30 àárọ̀)

Òótọ́ ni. Bí kò bá sí owó kúláǹtì, omi òjò tí wọ́n gbè láìgba orí páànù tó ti dógùn-ún sàn ju omi kànga lọ fíìfíì. Àmọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ ńlá báyìí, ra kúláǹtì.

Bó o bá ń dá tọ́ọ̀pù padà: láti àárín ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú bóòtù, kí wọ́n máa yí lọ síta, ní ìpele ìpele, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Sípánà tó ń wọn agbára ni kí wọ́n lò. Ẹni tó bá ní ọwọ́ òun mọ̀ ọ́n, wá ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà kí wọ́n ṣe tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àlàfo fáàfù, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù: 0.10 mìlímítà fún fáàfù tó ń gba epo wọlé, 0.25 fún èyí tó ń lé èéfín jáde.

Ọmọ_Ẹ̀fọ̀n (Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, 9:22 alẹ́)

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà dé o.

Mi ò gbé e fún mẹkáníìkì ìjọ́sí. Àgbà kan tó ti ṣe Pijó rí ló bá mi ṣe é, mo sì ka ọ̀rọ̀ Àjàṣẹ́_wágọ̀n sí i létí kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó kọ èyí ti jìyà rẹ̀ rí." Ó fi irin méjì mì tọ́ọ̀pù, ó dè sílíìfù mọ́lẹ̀ pẹ̀lú wáṣà tí mo gé níbi iṣẹ́ wẹ́dà. Ibi tí gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó hàn kedere, ọ̀nà dúdú tín-ín-rín kan láti etí sílíńdà iwájú lọ sí ihò omi, kò gùn ju ìka ọwọ́ ọmọ ìkókó lọ. Tọ́ọ̀pù ò là. Fílà géèjì 0.05 wọ ibì kan péré ní iwájú, wọ́n sì fá a díẹ̀.

Wọ́n tú rédíétọ̀ lọ fọ̀. Ìpẹtà tó jáde níbẹ̀ kún ife kan. Búrọ́ọ̀ṣì tuntun ti wà níbẹ̀, mo sì gbọ́ "kọ́" yẹn fúnra mi ní Ìwó Road lánàá nínú sún-kẹẹrẹ, abẹ́rẹ́ gòkè díẹ̀, fáànù gbá mú, abẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún níbẹ̀.

Lónìí mo gun òkè Ẹ̀fọ̀n pẹ̀lú màmá mi níwájú àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lẹ́yìn. Mi ò dúró. Màmá mi ò sọ nǹkan kan títí a fi wọ ìlú, ó wá fọwọ́ kan dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ìbéèrè tó kù: ìgbà wo ni kí wọ́n tún mú bóòtù tọ́ọ̀pù?

Bàbá_Pijó (Ọjọ́ Àìkú, 9:50 alẹ́)

A dúpẹ́. O ti wà á gbóná dáadáa lónìí, torí náà jẹ́ kó sùn mọ́jú kó tutù pátápátá. Láàárọ̀ ọ̀la, kí àgbà yẹn tú bóòtù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ díẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kó sì tún un mú padà dé ìwọ̀n rẹ̀, láti àárín síta. Kó wá tún tápẹ́ẹ̀tì wò lẹ́yìn rẹ̀, torí àlàfo wọn á ti yí padà. Kẹ́ ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i bó bá ti rin nǹkan bíi 1,500 kìlómítà.

Ọmọ_Ẹ̀fọ̀n (Ọjọ́ Àìkú, 9:58 alẹ́)

Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé bàbá mi, lábẹ́ ìlà tó kọ kẹ́yìn.

Rewáyà_Òṣogbo (Ọjọ́ Ajé, 6:05 àárọ̀)

Ẹ kọ ti búrọ́ọ̀ṣì náà sí i, ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa ṣí i wò nígbàkígbà tí ẹ bá pààrọ̀ ọ́ọ̀lì.